Ta ni "wọ́n" nínú "wọ́n ti mú iná"?

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa máa ń sọ láì dúró rò ó wò: "Wọ́n ti mú iná." Ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ ọ́, ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan náà ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kíláàsì gírámà nígbà kan á rántí iṣẹ́ tí arọ́pò-orúkọ yìí ń ṣe. Bí a kò bá mọ ẹni tó ṣe nǹkan, tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "wọ́n" la máa ń fi sí ipò olùwà: wọ́n jí ewúrẹ́ mi, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ti mú iná. Olè tó jí ewúrẹ́ wà níbì kan, ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ẹ ṣílẹ̀kùn kí ẹ rí i. Ṣùgbọ́n "wọ́n" tó mú iná, ta ni? Ibo ni wọ́n tilẹ̀ ń gbé e lọ?

Mo fẹ́ fi ìbéèrè yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn iná mànàmáná nílẹ̀ wa, torí mo rí i pé olùwà gbólóhùn wa ti ń yí padà. Nígbà kan, "wọ́n" ló ń fún wa níná, "wọ́n" náà ló ń mú un. Lónìí, "mo" ló pọ̀ lẹ́nu wa: mo ti tan jẹ́ẹ̀nì, mo ti gbé sólà sórí òrùlé. Láàárín méjèèjì, ìgbà kúkúrú kan wà tí a ń sọ pé "a". Ìgbà yẹn ni mi ò fẹ́ ká gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kí iná yìí tó dé, mànàmáná ti wà nínú èdè wa: ìmọ́lẹ̀ tó máa ń kọ lójú ọ̀run kí àrá tó sán. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá yóò bá a pàdé níbẹ̀. Nígbà tí òyìnbó gbé iná dé tí kò lo epo, tí kò lo òwú, tí kò sì rú èéfín, àwọn baba wa kò yá orúkọ fún un bí a ṣe yá fìtílà lọ́wọ́ Hausa, tí a sì yá làǹtánì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wo ojú ọ̀run, wọ́n ní iná mànàmáná ni. Àwọn tó ń mójú tó iná lábẹ́ ìjọba náà kò jìnnà sí èrò yìí: ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 ni wọ́n gbé síwájú olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Marina, l'Ékòó. Orúkọ náà sì wá bá ìwà mu ju bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe rò lọ. Mànàmáná a kọ yẹ̀rì, ó ti lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àṣà tuntun ni kí onílé máa dá iná ara rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe àṣà tuntun rárá. Bí iná ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an nìyẹn. Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn gbé ẹ̀rọ amúnáwá àkọ́kọ́ kalẹ̀ l'Ékòó. Kílówáàtì 60 péré ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí a bá kó nǹkan bí 60 nínú àwọn jẹ́ẹ̀nì kéékèèké tí à ń fà lókùn lẹ́yìnkùlé lónìí jọ, agbára wọn ló tó ti gbogbo iná Èkó nígbà yẹn. Ọ́fíìsì ìjọba àti ilé àwọn òyìnbó tó ń ṣàkóso ló kọ́kọ́ ríná. Ìjọba ń dá iná ṣe fún ara rẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ṣèlérí iná fún ará Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí fún àgbẹ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn.

Nígbà tó di 1923, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ amúnáwá tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìjọ́ra. Ní 1929, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní agbègbè Jos tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NESCO, tó ń fi omi tó ń já láti orí òkè ní Kurra ṣe iná. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún ni láti fún àwọn tó ń wa tánńganran níná, kí ẹ̀rọ wọn lè ṣiṣẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa: ìjọba ṣe tirẹ̀, awakùsà ṣe tirẹ̀, olówó ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe tirẹ̀. Ẹni tó lágbára ló níná. Ìyókù wa wà pẹ̀lú àtùpà.

Àyípadà dé ní 1950, nígbà tí wọ́n ṣòfin tó dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ECN. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé kí ẹyọ àjọ kan kó àwọn iná kéékèèké tó fọ́n káàkiri ìlú jọ sábẹ́ àkóso kan, kí iná lè di ohun tí gbogbo ìlú ń jọ lò. Ní 1962, wọ́n tún dá àjọ mìíràn sílẹ̀ fún ìdídò odò Ọya, iṣẹ́ ìsédò Kainji sì bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ní 1969 ni ọ̀gágun Yakubu Gowon ṣí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́, omi tó ń ṣàn ní àríwá ló ń tan gílóòbù ní Ìbàdàn àti l'Ékòó. Waya ńlá gba orí igbó àti oko kọjá láti ìlú dé ìlú. Títí di òní olónìí, Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà. Ará Òṣogbo tó jókòó sínú òkùnkùn lálẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in o!

Iná yẹn ní iye tó náni. Omi tí wọ́n sé bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, ibi tí Mungo Park kú sí ní 1806. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tó fi ilé, oko àti sàréè baba wọn sílẹ̀ kí adágún náà lè ráyè. Wọ́n kọ́ Bussa tuntun fún wọn. Mo máa ń ránnilétí èyí torí àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ iná ìjọba bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan pàdánù ìlú wọn kí ẹlòmíràn tó wà ní ibi tó jìnnà lè kàwé lálẹ́. Nígbà tí a bá ṣe irú nǹkan báyìí fún ara wa, a ti kúrò lórí "wọ́n" nìyẹn. A ti dé orí "a".

Èdè wa náà jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún gbígbé iná wọ ìlú ni "fà": a fa iná, a fa waya. Ẹ tẹ́tí sí àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn bí iná ṣe dé ìlú wọn. Wọn kì í sábà sọ pé "wọ́n fa iná fún wa". "A fa iná dé ìlú wa" ni wọ́n ń sọ, òótọ́ sì ni. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló dáwó. Àwọn tó wà l'Ékòó fowó ránṣẹ́ sílé, àwọn oníṣòwò san tiwọn, wọ́n ra opo, wọ́n ra waya, wọ́n ra tàráńsífọ́mà, kí àwọn òṣìṣẹ́ iná tó wá so ó pọ̀. Ìran tiwa tó kàwé lábẹ́ làǹtánì mọ bí inú ìlú ṣe dùn tó lálẹ́ ọjọ́ tí gílóòbù àkọ́kọ́ tàn. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ló dáwó jù.

Ní oṣù kẹrin 1972, wọ́n pa ECN àti àjọ odò Ọya pọ̀, wọ́n pè é ní NEPA. Orúkọ yìí ló wá gba ẹnu gbogbo wa kan. Owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún yẹn, àwọn ènìyàn ń ra fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti fáànù, ìlú ń tóbi, ilé-iṣẹ́ ń pọ̀. Wọ́n kọ́ àwọn ibùdó mìíràn. Egbin tó wà lápá Ìkòròdú nìkan lè fún wa ní mẹ́gáwáàtì 1,320 bí gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kíkọ́ kò tó, títún ṣe ló ṣòro. Lẹ́yìn Shiroro, tó parí ní 1990, a kò kọ́ ibùdó amúnáwá ńlá kankan mọ́ títí ọ̀rúndún yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, 19 péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ amúnáwá 79 tó wà nílẹ̀ yìí.

Àsìkò yẹn ni "wọ́n" padà dé pẹ̀lú agbára. Wọ́n ti mú iná. Wọ́n fẹ́ wá já iná. Wọn ò ní mú un wá lónìí. "Àwọn NEPA" di àwọn tó ń gbé àkàbà kiri, tí ọmọdé bá ti rí wọn ní òpin àdúgbò, á sáré wọlé lọ kéde. Àwọn ènìyàn túmọ̀ lẹ́tà mẹ́rin náà sí nǹkan mìíràn: Never Expect Power Always, kí ẹnikẹ́ni má retí iná nígbà gbogbo. Tony Allen, tó ti lu ìlù fún Fẹlá tipẹ́, sọ odindi àwo orin ní NEPA ní 1985. Síbẹ̀, nígbà tí iná bá dé, gbogbo ọmọ àdúgbò á pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Up NEPA!" Àwa onímọ̀ èdè gbọ́dọ̀ fún ariwo yìí ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ọmọ olówó àti ọmọ ayálégbé ló jọ ń pa á, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà, torí ayọ̀ kan náà. Ìjọba pa orúkọ NEPA rẹ́ ní 2005, ó di PHCN. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, wọ́n fà á lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò yín lónìí pé ta ló mú iná. NEPA ni wọn yóò dá lóhùn. NEPA ti kú, orúkọ rẹ̀ kò kú.

Jẹ́ẹ̀nì ló kọ́kọ́ já okùn tó so wa pọ̀. Ní nǹkan bí 1980 sí 1990, ilé ọlọ́lá, báńkì àti hòtẹ́ẹ̀lì ló ní in, dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń mu. Lẹ́yìn náà ni àwọn kéékèèké tó ń lo epo bẹntiróò dé láti Éṣíà, tí agbára wọn kò tó kílówáàtì kan, tí aránṣọ àti onígbàjámọ̀ lè rà. Ẹ mọ orúkọ tí ìgboro fún un: "I better pass my neighbour." Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ! Èmi ò mọ orúkọ ọjà mìíràn tó jẹ́wọ́ èrò ọkàn ẹni tó rà á tó báyìí. Ẹni tó ra fíríìjì, ó fẹ́ omi tútù. Ẹni tó ra ẹ̀rọ yìí, ìgboro ti sọ ohun tó fẹ́ fún un.

Ó tún ṣe nǹkan kan sí èdè wa. Tẹ́lẹ̀, iná ni iná. Nígbà tí jẹ́ẹ̀nì pọ̀, ó di dandan kí a fi àpèjúwe kún un: "Ṣé iná NEPA ni àbí jẹ́ẹ̀nì?" Ohun tó jẹ́ iná lásán fún gbogbo ìlú di oríṣi kan láàárín oríṣi. "Iná ìjọba" di ohun tí à ń dárúkọ bí ẹni ń dárúkọ ilé-ìwé ìjọba tàbí ilé-ìwòsàn ìjọba: ohun tó wà fún ẹni tí kò ní òmíràn.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ariwo jẹ́ẹ̀nì lójú fèrèsé ẹni ni ìtumọ̀ òwe yìí láyé òde òní. Èéfín rẹ̀ burú ju ariwo lọ. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí kò láwọ̀, tí kò sì lóòórùn, ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ pé òun ń mí i sínú. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti kà á nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n bá odindi ìdílé kan nílẹ̀ láàárọ̀ torí jẹ́ẹ̀nì tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má bàa gbé e? Ẹ jọ̀ọ́, ìta gbangba ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé.

Lẹ́yìn 2013, a retí pé "wọ́n" tuntun yóò sàn ju ti àtijọ́ lọ. Ohun tó tètè yí padà ni ọ̀rọ̀ owó. Láti 2020, wọ́n pín wa sí ìpele márùn-ún. Band A yẹ kó rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, Band E wákàtí mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin 2024, owó ìwọ̀n iná kan fún Band A fò láti ₦68 sí ₦225. Mítà tí à ń fi káàdì sí náà mú gbólóhùn tuntun wá. "Wọ́n ti mú iná" ń di "iná wa ti tán", bí ẹni pé gàrí ló tán nínú agolo. "Wọ́n" ti yọ kúrò nínú gbólóhùn pátápátá; ìwọ tí o kò ráwó ra káàdì ni ẹjọ́ wá wà lọ́rùn rẹ. Báńkì Àgbáyé sì ti sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 85 ọmọ Nàìjíríà ni waya ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Àwọn yẹn kò tíì ní ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo tí kò tó ₦200 ti ń lọ sí ₦500, ó sì tún gbéra níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Jẹ́ẹ̀nì tí gbogbo ènìyàn ń lò di ẹrù. Ìgbà yẹn ni ẹni tó lówó lọ́wọ́ kọjú sí sólà, bátìrì àti ínfátà. Ó dára, kò pariwo, kò rú èéfín, oòrùn kò sì ń tẹ ríṣíìtì fúnni. Èmi náà ní in lórí òrùlé, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó jókòó sínú òkùnkùn nítorí pé ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Opo, waya àti tàráńsífọ́mà àdúgbò ní owó ìtọ́jú, bóyá ilé mẹ́wàá ló ń lò ó tàbí ọgọ́rùn-ún. Bí àwọn tó lè sanwó bá ń já kúrò níkọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù ni ẹrù náà yóò wó lé: ẹlẹ́rọ ata, ìyá tó ń ta ẹja inú fíríìsà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan. Bí owó wọn bá sì ga sí i, àwọn náà á já kúrò tàbí kí wọ́n má san mọ́. Ohun mìíràn tún wà. Tí tàráńsífọ́mà bá bú gbàù, ẹni tó lẹ́nu lọ́dọ̀ ìjọba àti ní ilé-iṣẹ́ iná kò mọ̀ mọ́. Gílóòbù rẹ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ fi ₦10 bílíọ̀nù sínú ètò ìṣúná 2025 láti gbé sólà sí Aso Rock. Àṣé ìjọba náà ti ń kúrò lórí iná ìjọba! A ti padà sí 1896 nìyẹn, ìgbà tí ọ́fíìsì ìjọba ń dá tirẹ̀ ṣe, tí awakùsà ń dá tirẹ̀ ṣe, tí ìyókù sì wà pẹ̀lú àtùpà.

Mi ò gbà pé ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ parí sí. Ní 2023, òfin iná tuntun jáde tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa ṣàkóso iná tirẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso náà, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn náà sì ti tẹ̀ lé e. Olùwà ti súnmọ́ ilé. "Wọ́n" tí à ń wá kò sí l'Ábùjá nìkan mọ́, ó wà ní Adó-Èkìtì, ní Àkúrẹ́, ní Ìbàdàn, níbi tí ẹsẹ̀ wa lè dé. Sólà náà kò ní dandan kó jẹ́ ti ilé kọ̀ọ̀kan. Òrùlé ọjà, ti ilé-ìwé àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí gbòòrò tó láti fún àdúgbò kan níná, bí àdúgbò náà bá lè dáwó bí àwọn baba wọn ṣe dáwó ra opo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Landlọ́ọ̀dù tó lè péjọ san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù lè péjọ lórí bátìrì.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, iṣẹ́ àmúrelé dé. Ẹ lọ bi àwọn àgbà ìlú yín bí iná ṣe kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé ta ló dáwó, èló ni, ta ló kó o jọ, opo mélòó ni wọ́n rà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì máa fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbogbo olùwà gbólóhùn wọn. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé àdúgbò yín tó ń bọ̀, kí ẹ kà á sókè fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn.